Báwo lẹ ṣe ń díye lé géèmù lórí Steam ní owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan?

aṣegéèmù_kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Géèmù kan ń bọ̀ lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, $19.99 ni iye tí mo fi lé e. Bí mo ṣe tẹ dọ́là yẹn síbẹ̀ báyìí ni Steamworks, ibi tí aṣegéèmù ti ń ṣètò ọjà rẹ̀ lórí Steam, fúnra rẹ̀ kó iye owó ilẹ̀ yòókù sínú àpótí wọn: yúrò, yẹ́ẹ̀nì, zloty, real ti Bràsíìlì, gbogbo wọn pátá.

Ṣé kí n gba ohun tí Valve tó ni Steam dábàá bẹ́ẹ̀, àbí kí n fọwọ́ ara mi tún un ṣe? Kí ló dé tí àwọn ará Pólándì fi máa ń pariwo pé à ń rẹ́ àwọn jẹ, nígbà tó jẹ́ pé iye tí ètò náà kọ síbẹ̀ ni? Kí ni LATAM-USD àti MENA-USD tí mo rí nísàlẹ̀, ṣé gbogbo dọ́là kọ́ ni dọ́là ni? Bí mo bá sì dín iye kù fún ibi tí owó wọn ò lágbára, ṣé àwọn alárobọ̀ ò ní máa rà á lọ́pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lọ tà á fáwọn ará Jámánì?

Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn tó ní ìṣirò nínú ni mò ń wá. "Ọwọ́ ẹ ló wà" ò lè gbà mí.

olùṣirò

Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ nù. Iye tó wà nínú àwọn àpótí yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí. Tábìlì kan ni Valve ti tò sílẹ̀: fún $19.99, zloty báyìí, yẹ́ẹ̀nì báyìí. Nígbà tí wọ́n tún un tò ní Oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n ní àwọn ò wo pàṣípààrọ̀ nìkan, àwọn tún wo ohun tí owó kọ̀ọ̀kan lè rà nílẹ̀ rẹ̀. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ tábìlì kì í rìn, owó ló ń rìn. Tí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí iye kan, ó ti di tiyín nìyẹn: Valve lè tún tábìlì tò lọ́la, iye tó wà lórí géèmù yín ò ní mì, àfi tí ẹ bá wọlé lọ yí i.

Pólándì ló máa là á yé yín jù. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án 2022, dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba zloty 5. Ẹ wá mú géèmù $19.99 tí wọ́n kọ zloty 92 sí. Bí dọ́là bá wà ní 4.60, zloty 92 jẹ́ $20 géérégé. Bí dọ́là bá já wá sí 3.65, zloty 92 kan náà ti di $25.20. Kò sẹ́ni tó fowó lé e, síbẹ̀ ẹni tó wà ní Warsaw ń san ju ará Amẹ́ríkà lọ. Ó sì mọ̀, torí iye gbogbo orílẹ̀-èdè wà lórí SteamDB, ìkànnì tó ń tọ́jú iye géèmù Steam, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó gé e. Iye tí ará Pólándì rí ti ní VAT (owó orí ọjà) nínú, 23% ni tiwọn. Iye tí ará Amẹ́ríkà rí kò ní owó orí kankan nínú. Ìgbà tó bá fẹ́ sanwó ni wọ́n ń fi ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ kún un. Nítorí náà ẹ fi 1.23 pín 92, ó ku 74.80. Ẹ fi 3.65 pín ìyẹn, $20.49 ni. Orí iye yìí ni Valve ti máa yọ ìdá tirẹ̀. Ẹ̀yin ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, oníbàárà náà ò sì purọ́ pé ọwọ́ òun lówó ti ń jáde jù. Tó bá jẹ́ èmi, màá sọ ọ́ di zloty 79.99: oníbàárà á san nǹkan bíi $21.92, yóò ku $17.82 lẹ́yìn VAT. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ lórí ẹyọ kan, àmọ́ àwọn tó ń kọ àtúnyẹ̀wò burúkú torí iye owó nìkan á dákẹ́, àtúnyẹ̀wò burúkú sì ń dun géèmù tuntun ju dọ́là méjì lọ.

Yẹ́ẹ̀nì sì ń lọ sí òdì kejì. Bí ẹ bá kọ yẹ́ẹ̀nì 2,300 tí dọ́là wà ní 150, VAT Jàpáánù 10% ni, ó ku yẹ́ẹ̀nì 2,091, ìyẹn $13.94. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni géèmù yín ti rọjú. Tẹ́ ẹ bá máa gbé e, 2,480 tàbí 2,980 ló bá ojú àwọn ará ibẹ̀ mu ju 2,499 lọ.

Yúrò ní wàhálà tiẹ̀, torí iye kan ṣoṣo lẹ lè kọ fún gbogbo àwọn tó ń fi yúrò rajà, bẹ́ẹ̀ VAT wọn ò dọ́gba. Steam ò gba forint, nítorí náà yúrò ni àwọn ará Họ́ńgárì ń san, VAT wọn sì jẹ́ 27%. Ti Jámánì jẹ́ 19%. Géèmù €20: ní Jámánì ó ku €16.81, Valve á yọ 30%, €11.76 ló délẹ̀. Ní Họ́ńgárì ó ku €15.75, €11.02 ló délẹ̀. Ti Họ́ńgárì ni kẹ́ ẹ fi ṣírò bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó kéré jù tí owó lè dé. (30% yẹn á di 25% lẹ́yìn $10 mílíọ̀nù, 20% lẹ́yìn $50 mílíọ̀nù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó kàn wá.)

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò kan, ẹ to orúkọ owó, iye tó wà nínú àpótí, VAT, àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí, kí ó máa bá yín ṣírò ohun tó kù ní dọ́là lẹ́yìn VAT. Èyí tó bá ju $19.99 lọ, ẹ gé e. Èyí tó bá kéré gan-an, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án: Íńdíà, Indonéṣíà, Vietnam, Bràsíìlì, ńṣe ni tábìlì mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sísàlẹ̀ torí ohun tí owó oṣù lè rà níbẹ̀.

bọ́tìnnì_A

Olùṣirò ti gbá ti Pólándì mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú méjì tó kù.

Dọ́là ni LATAM-USD (ti Látìn Amẹ́ríkà) àti MENA-USD (ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà) lóòótọ́, àmọ́ àpótí tiwọn dá wà. Ní 20 Oṣù Kọkànlá 2023 ni Valve gbé Ajẹntínà kúrò lórí peso, ó gbé Tọ́kì kúrò lórí lira, torí owó méjèèjì ń já kíákíá ju bí àwọn tó ni géèmù ṣe lè máa tún iye kọ lọ. Ẹkùn méjèèjì kó orílẹ̀-èdè 25 jọ. Oníbàárà ń rí dọ́là, ó ń san dọ́là, ṣùgbọ́n iye tí ẹ kọ sínú àpótí ẹkùn rẹ̀ ló ń rí, kì í ṣe $19.99 ti Amẹ́ríkà. South Asia (Gúúsù Éṣíà) àti CIS (àwọn ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ Soviet àtijọ́) náà ní àpótí dọ́là tiwọn.

Ewu ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi àpótí ẹkùn sílẹ̀ lófìfo, iye Amẹ́ríkà gan-an ló máa jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àyípadà yẹn nìyẹn: géèmù tí ẹni tó ni ín ò tíì kọ iye ẹkùn sí fò lọ sókè lójú àwọn ará Ajẹntínà àti Tọ́kì, ó sì jẹ́ pé àìbìkítà lásán ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn package àtijọ́ (ohun tí ẹ ti tò sórí ọjà láti tà) ló máa ń wà nínú rẹ̀ jù, bíi ohùn orin géèmù tàbí DLC (àfikún géèmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀) tí ẹnikẹ́ni ò tún padà wò.

Ti alárobọ̀: ojú ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà, méjì ti há.

Ẹ̀bùn ni àkọ́kọ́. Steam kì í jẹ́ kí ẹ̀bùn kọjá bí iye bá jìnnà síra láàárín orílẹ̀-èdè ẹni tó rà á àti ti ẹni tó máa gbà á. Láti 2017 ni wọn ò sì ti jẹ́ kéèyàn ra ẹ̀bùn kó jọ sápò, kó máa wá ẹni tí òun máa tà á fún.

Yíyí orílẹ̀-èdè padà ni èkejì. VPN, tó ń mú kó dà bíi pé èèyàn wà nílẹ̀ míì, nìkan ò tó: ìrajà náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ìsanwó tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tuntun kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta sì ni àkáǹtì lè yí i.

Kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣí géèmù lórí Steam ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ gan-an ló ń jò. Kọ́ọ̀dù tí ẹ bá fún ìkànnì míì tà, tàbí èyí tí ẹnì kan kọ lẹ́tà wá tọrọ pé olùyẹ̀wò géèmù lòun, kò mọ orílẹ̀-èdè kankan. Tí ìkànnì kan bá ń tà á ní iye Bràsíìlì, kò pẹ́ tí alárobọ̀ máa fi kún ọjà rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni pé kẹ́ ẹ ṣàdéhùn pẹ̀lú ìkànnì yẹn pé kó máa tà ní iye orílẹ̀-èdè tí oníbàárà ti ń sanwó. Fún àwọn olùyẹ̀wò, ẹ máa lo Curator Connect, ọ̀nà tí Steam fi ń fi géèmù ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò, torí orí àkáǹtì ló ń wọlé sí, kò sí kọ́ọ̀dù tí wọ́n lè tà.

Ẹ má sọ pé ẹ ó ti kọ́ọ̀dù pa mọ́ orílẹ̀-èdè kan láàárín Yúróòpù o. Ní Oṣù Kìíní 2021, Àjọ Yúróòpù bu owó ìtanràn tó tó €7.8 mílíọ̀nù lé Valve àti ilé iṣẹ́ márùn-ún, Bandai Namco, Capcom, Focus Home, Koch Media àti ZeniMax, torí kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ní Pólándì, Czechia, Họ́ńgárì àti àwọn aládùúgbò wọn, tí kò lè ṣí níbòmíì. Valve pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a nù ní 2023.

aṣegéèmù_kékeré

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣírò ti zloty àti franc ti Switzerland, méjèèjì ló ga. Ó kù kan: bí mo bá fi iye kan jáde báyìí, tí owó kan wá já lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìgbà wo ni mo lè yí i láì ba ẹ̀dínwó Oṣù Kẹfà jẹ́? DLC kékeré kan náà tún ń bọ̀.

aago_ẹ̀dínwó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kọ, torí òfin náà kò wà lójú ibi tí wọ́n ti ń kọ iye.

Bí ẹ bá gbé iye sókè nínú owó kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ yẹ́ẹ̀nì kan péré, ẹ ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dínwó fún ọjọ́ 30. Gbogbo owó ló kàn, kì í ṣe èyí tí ẹ gbé nìkan. Ẹ̀dínwó ńlá ti gbogbo Steam náà ò yọ yín sílẹ̀. Iye tí ẹ bá gé kò ní ìjìyà yẹn. Nítorí náà ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: gígé lè wáyé nígbàkígbà tí kò bá sí ẹ̀dínwó lórí géèmù, gbígbé sókè, ìgbà tí ẹ̀dínwó ńlá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí èyí tó kàn ṣì jìnnà. Ká ní ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀ ní 25 Oṣù Kẹfà, iye tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lórí ọjà kó tó di 26 Oṣù Karùn-ún. Ẹ má dúró dìgbà yẹn, torí ẹnì kan ní Valve máa yẹ iye náà wò kó tó fọwọ́ sí i. Àárín Oṣù Karùn-ún ni kẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́.

Ìdènà kejì: tí ẹ̀dínwó bá ń lọ lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, àpótí iye ti tì pa. Àwọn tó máa ń kọ ẹ̀dínwó gbogbo ọdún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń bá ara wọn nínú pàkúté yìí: wọ́n á fẹ́ tún zloty ṣe, kò ní gbà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ̀dínwó tó ń bọ̀ rẹ́. Ẹ má kọ ju èyí tó kàn lọ sílẹ̀.

Ẹ̀dínwó ọjọ́ ìjáde náà ní tiẹ̀: bó bá ti parí, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 30 kí òmíràn tó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà pẹ̀lú ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti sọ ti òpin oṣù nù nìyẹn. Àwọn tó fi géèmù yín sí wishlist (àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rà) kì í sì í rí lẹ́tà gbà bí ẹ̀dínwó kò bá tó 20%, ẹ má fi 15% ṣòfò.

DLC: package tirẹ̀ ni, àpótí iye tirẹ̀ ló ní. Ṣíṣe àtúnṣe géèmù ò kan án. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye méjèèjì wéra ní owó kọ̀ọ̀kan, kí DLC má lọ wọ́n ju ìdajì géèmù lọ níbì kan ṣoṣo nítorí ẹ gé ọ̀kan ẹ gbàgbé èkejì.

olùṣirò

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi "gígé lè wáyé nígbàkígbà". Ẹ má gé iye lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀dínwó. Ẹni tó rà á láìpẹ́ á dá a padà, torí Steam gbà kéèyàn dá géèmù padà láàárín ọjọ́ 14 bí kò bá tíì fi ṣeré tó wákàtí méjì, á sì tún un rà ní iye tuntun. Kò sí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe, àmọ́ ìwé owó yín á dàrú.

yẹ́ẹ̀nì_láìní_kọ́bọ̀

Bí ẹ bá máa ta nǹkan nínú géèmù, ọ̀rọ̀ míì ni. Ẹ má wo IP (àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì) láti mọ owó tí oníbàárà ń lò. Ẹ pe GetUserInfo lára ISteamMicroTxn, apá Steam tó ń bójú tó ìrajà inú géèmù, á fún yín ní orílẹ̀-èdè àti owó tó wà lórí àpamọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí InitTxn, ìpè tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsanwó, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti owó yẹn. Ẹni tó rìnrìn àjò ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ibòmíì, àpamọ́wọ́ rẹ̀ ò kúrò nílé.

Tó bá jẹ́ ìkànnì tiyín lẹ ti ń tà á, tí ẹ ń lo Stripe láti gbowó, ẹ kíyè sí owó tí kò ní kọ́bọ̀. Dọ́là 10 lẹ máa kọ bíi 1000. Yẹ́ẹ̀nì 1,000 náà, 1000 ni, nítorí yẹ́ẹ̀nì kò ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi 100 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ máa gba yẹ́ẹ̀nì 100,000 lọ́wọ́ oníbàárà. Won ti Kòríà àti dong ti Vietnam náà rí bẹ́ẹ̀. Dínárì Kuwait sì ń pín sí 1,000.

Ẹni tó bá máa gbé géèmù rẹ̀ lọ sórí fóònù, ìwà App Store yàtọ̀ sí ti Steam. Ẹ yan orílẹ̀-èdè kan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, Apple á máa fúnra rẹ̀ yí ti àwọn yòókù padà bí pàṣípààrọ̀ tàbí owó orí bá yí, àyàfi ibi tí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín kọ iye. Tí ẹ bá kọ ọ́ fúnra yín, ó dúró síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Steam.

bọ́tìnnì_A

Kí n fi kan kún un nípa ìdènà, torí àwọn kan á ní Steam le jù. Láti 25 Oṣù Kẹta 2025 ni eShop, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì Nintendo, ti Jàpáánù kò ti gba káàdì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni PayPal tí wọ́n ṣí lókè òkun. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ géèmù Switch 2 jáde ní Jàpáánù lọ́nà méjì: yẹ́ẹ̀nì 49,980 fún èyí tó ń sọ èdè Jàpáánù nìkan, tí àkáǹtì Jàpáánù nìkan sì lè wọ̀, àti 69,980 fún èyí tó ń sọ gbogbo èdè. Èdè ni wọ́n fi ṣe ọgbà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù lórí Steam náà lè ṣe é bí géèmù rẹ̀ bá kún fún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín níyànjú: ẹ ó máa dáhùn ẹjọ́ títí.

aṣegéèmù_kékeré

Ó yé mi. Mo ti gé zloty àti franc, mo fi iye sínú àpótí ẹkùn dọ́là gbogbo. Báwo ni mo ṣe máa rí i bí oníbàárà ṣe ń rí i?

aago_ẹ̀dínwó

Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ẹ ṣí ojú ewé géèmù náà, kí ẹ fi ?cc=pl sí ìparí àdírẹ́sì rẹ̀ fún Pólándì, cc=tr fún Tọ́kì, cc=ar fún Ajẹntínà, cc=jp fún Jàpáánù. Bí àkáǹtì yín bá ṣì ṣí, owó tiyín ló máa gbé jáde, ẹ ó rò pé àtúnṣe ò tíì wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ kọ́ọ̀dù kékeré tó ń pe store.steampowered.com/api/appdetails pẹ̀lú appids, cc àti filters=price_overview. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ láàárín ìpè kan sí èkejì, kí wọ́n má baà dí yín lọ́nà. Nínú ìdáhùn rẹ̀, final ni iye tí oníbàárà máa san, initial ni ti kí ẹ̀dínwó tó wọ̀ ọ́. Níbí, Steam ò ṣe bíi Stripe: ó ń fi 100 sọ yẹ́ẹ̀nì náà di púpọ̀, yẹ́ẹ̀nì 2,300 á jáde bíi 230000. Ẹ fi 100 pín in kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Valve.